Ẹyẹ Òpin Ń Retí Ẹni Tí Yóò Kà Wọ́n

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Òpin, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì ní ìpínlẹ̀ Kwara, ti ń wo ẹyẹ láwòfín kí ẹnikẹ́ni tó ka wíwo ẹyẹ sí ìgbafẹ́. Ẹ wo àwọn ilẹ̀kùn, òpó àti ère ẹ̀pà tó ti agbègbè yìí jáde, ẹ óò bá ẹyẹ pàdé lára wọn: ẹyẹ tó ń ṣá ejò lórí, ẹyẹ tó bà sókè orí èèyàn, ẹyẹ tó na ọrùn bí ẹni ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ fún un. Arẹ́ògún ọmọ Ọ̀sì, tó kú ní 1954, wà lára àwọn tí orúkọ wọn kàn jù nínú iṣẹ́ náà. Ọmọ rẹ̀, Báńdélé, bá Fadá Kevin Carroll ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947, ọ̀dọ̀ Báńdélé yìí sì ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́. Ní Odò-Ọwá, nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ tó múlé tì wá, Bámigbóyè gbẹ́ ère ẹ̀pà tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà fi ṣe odindi àfihàn ní 2022. Àwọn wọ̀nyí kò lo fọ́tò. Ẹni tí kò bá jókòó wo bí ẹyẹ ṣe ń pa apá mọ́ àti bí ó ṣe ń tẹ ọrùn, kò lè gbẹ́ ẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Lóde òní, ọmọ Òpin lè wálé fún Kérésì tàbí Àjíǹde, kí ó lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko ní Ìsọlọ̀-Òpin, kí ẹyẹ máa ké lé e lórí láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kí ó má gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tí ẹyẹ wọn kò tó tiwa rárá ló ń jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí wọ́n ń gbé bàìnókúlà kọ́rùn, tí wọ́n ń di oúnjẹ sínú àpò, tí wọ́n sì ń rìnrìn àjò lọ sí igbó tí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ kan dá sí, kí wọ́n ṣáà lè fojú kan ẹyẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn obìnrin tí inú bí sí bí wọ́n ṣe ń pa ẹyẹ nítorí ìyẹ́ tí àwọn ọlọ́lá ń lẹ̀ mọ́ fìlà ló dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní RSPB sílẹ̀ ní 1889. Ọmọ ẹgbẹ́ náà ti lé ní mílíọ̀nù kan báyìí, ilẹ̀ tí wọ́n sì dá sí fún ẹyẹ ju 200 lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré òyìnbó nìkan ni. Ní 2020, Ollie Olanipekun, ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Nadeem Perera dá ẹgbẹ́ Flock Together sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn mìíràn tí kì í ṣe òyìnbó lè jọ máa lọ wo ẹyẹ ní pápá àti létí omi. Ọdún yẹn gan-an, ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, ni obìnrin òyìnbó kan pe ọlọ́pàá sí Christian Cooper, aláwọ̀ dúdú tó ń wo ẹyẹ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà Central Park ní New York, torí pé Cooper ní kí obìnrin náà fi okùn so ajá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń wo ẹyẹ ní Amẹ́ríkà lára, wọ́n sì ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ láti fi hàn pé àwọn náà wà níbẹ̀. Nílé níbí, kò sí ẹni tí yóò pe ọlọ́pàá síni. Bí a bá dúró pẹ́ jù lábẹ́ igi kan, a óò kàn gbọ́ pé, "Kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀ yẹn? Ṣé kò sí o?"

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Òpin ní ẹyẹ, ó sì ní àwọn àgbà tó mọ orúkọ àti ìwà wọn. Ohun tí kò ní ni ilẹ̀ tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ fún wọn, àti ẹni tó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Ibi tí ìlú wa wà ló fún wa ní ọrọ̀ yìí. Ibi tí igbó ti ń tán lọ, tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ni, òkè àti àpáta sì wà láàárín. Nítorí náà, ẹyẹ igbó ń gbé létí odò níbi tí igi ńlá bá ṣẹ́kù, ẹyẹ ọ̀dàn sì ń jẹ kiri nínú oko iṣu àti àgbàdo. Ẹni tó bá rìn láti etí odò dé orí àpáta láàárọ̀ kan ṣoṣo ti la ìlú ẹyẹ méjì kọjá.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀gà, torí pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí òjò bá ti ń dunlẹ̀, wọn a kó wá sórí ọ̀pẹ tàbí igi ńlá kan láàárín ìlú, ariwo wọn a sì gba àdúgbò kan. Ẹ dúró lábẹ́ igi náà fún bí ìdajì wákàtí. Akọ, tó dúdú lórí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lára, ló ń kọ́lé. Á bà sórí imọ̀ ọ̀pẹ, á fi ẹnu gé etí ewé díẹ̀, á di ibi tó gé mú ṣinṣin, á sì fò lọ. Bó ṣe ń fò lọ ni ewé náà ń ya tẹ̀lé e, títí yóò fi di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Òrùka ló kọ́kọ́ ń hun. Á dúró sínú òrùka náà, á sì máa hun ún yí ara rẹ̀ ká, ibi tí ẹnu rẹ̀ bá lè dé ni ògiri ilé rẹ̀ yóò dé. Bí ilé bá parí, á so ara rẹ̀ rọ̀ sábẹ́ ẹnu ọ̀nà, á dorí kodò, á máa gbọn apá pàpàpà kí àwọn abo wá wò ó. Abo á wọlé, á fi ẹnu fa ibí, á fa ibẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó di àwátì. Bí ilé bá wà bẹ́ẹ̀ títí ewé rẹ̀ fi gbẹ, tí abo kankan kò gbà á, akọ kan náà ni yóò tú u palẹ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ lókè orí àwọn tó ń ta àkàrà lábẹ́ igi náà. Àwọn tó ni ọ̀pẹ kò fẹ́ràn wọn, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí ẹ̀gà lè bó imọ̀ ọ̀pẹ kan títí tí yóò fi ku egungun.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn àgbẹ̀ bá ń dáná sun oko, àwòdì ló ni eré. Èéfín kò tíì ga tán tí wọn yóò fi dé. Bí iná bá ti ń lé ìrẹ̀ àti tata jáde nínú koríko, àwòdì á já wálẹ̀, á fi èékánná gbá a mú, á tún gòkè, á sì jẹ ẹ́ lójú òfuurufú láìbà. Ní ìgbà òjò, ẹ wò yíká, ẹ óò rí i pé wọ́n ti dín kù gan-an: ọ̀pọ̀ wọn ti gba apá òkè ọya lọ.

Lékèélékèé ń tẹ̀lé màlúù fún ìdí kan náà: ẹsẹ̀ màlúù ló ń bá a lé kòkòrò jáde. Ta ni kò gbọn èékánná sí i nígbà èwe, pé kó bá òun fi funfun sí i? Ẹyẹ yìí kan náà, láìsí ẹni tó gbé e, fò la òkun kọjá láti ilẹ̀ Áfíríkà dé Gúúsù Amẹ́ríkà ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lónìí, ó ti dé Amẹ́ríkà ti àwọn òyìnbó, ó sì ń tẹ̀lé màlúù wọn níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ọyẹ́ bá dé, àlejò á dé. Alápàńdẹ̀dẹ̀ mìíràn á ti ilẹ̀ Yúróòpù wá bá èyí tí a mọ̀ nílé. Ní Boje ní ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn tó ń sùn pọ̀ lórí òkè kan ṣoṣo ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹyẹ wíńńíwíńńí kan tún wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní willow warbler, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 10 lọ, tó sì ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Inú ewé igi káṣú ni irú rẹ̀ ń ṣa kòkòrò jẹ, a kì í sì í bìkítà fún un. Àwòdì tó ń re Ìbarà tí ẹ̀fúùfù ta nídìí, tó ní iṣẹ́ kúkú yá, kò rìn tó o.

Àwọn tó mọ ẹyẹ jù ní Òpin kì í lo bàìnókúlà. Ọdẹ ni wọ́n. Mo bi bàbá ọdẹ kan ní Ìsọlọ̀ léèrè bó ṣe mọ̀ pé ẹlulùú ló ń ké nínú igbó tí kò sí ẹyẹ kankan lójú wa. Bàbá wò mí títí.

"Ọmọ mi, ṣé ojú lo fi ń mọ ohùn ìyá rẹ?"

Mo ní, "Rárá o, bàbá."

"Ó tán nìyẹn. Tẹ́tí."

Mo tẹ́tí. Ohùn náà ń dà gùlùgùlù wálẹ̀ bí omi tó ń jáde lẹ́nu akèrègbè. Bàbá ní òjò kò jìnnà mọ́, torí pé ẹyẹ náà kì í ké bẹ́ẹ̀ lásán. Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yí ìgbàgbọ́ bàbá padà. Ó sọ ibi tí àparò ń yé ẹyin sí, ó sọ igi tí àkókó ń gbẹ́ ihò sí lọ́dọọdún, ó sì fi ẹnu sín awó jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ajá rẹ̀ dìde. Ìmọ̀ yìí wà lórí bàbá nìkan. Kò kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ń wa mọ́tò ní Èkó.

Ìbẹ̀rù wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Òwìwí tó bá bà sórí òrùlé lálẹ́, òkúta ni wọ́n ń jù lù ú, torí wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ìyá ayé. Kowéè bá ké, ẹni tó ní aláìsàn nílé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún un. Àmọ́, èkúté ni òwìwí ń jẹ jù lọ. Ẹni tí èkúté ń jẹ àgbàdo rẹ̀ nínú àká, tó tún ń sọ òwìwí lókò, ọ̀tá ara rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ igún ló dùn mí jù. Àwọn àgbà kà á léèwọ̀ pé kí a pa igún, kí a jẹ ẹ́, tàbí kí a fi bọ orí. Kò sí ẹni tó dàgbà nílẹ̀ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí. Síbẹ̀, orí igún wà lórí àtẹ àwọn eléwé ọmọ ní ọ̀pọ̀ ọjà wa, wọ́n ń rà á fún oògùn. Ní 2015, àjọ IUCN, tó ń ṣírò ohun ẹlẹ́mìí tó ń tán lọ láyé, fi igún tiwa yìí sí ìpele tó burú jù lọ kí ẹ̀dá tó parun pátápátá nínú ìgbẹ́. Ẹni tó bá ti tó ogójì ọdún lè rántí ìgbà tí igún ń jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Ẹ lọ wò ó lónìí. Odídẹrẹ́ náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn CITES fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú ìgbẹ́ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, torí pé àwọn tó ń mú un tà ti kó o tán nínú ọ̀pọ̀ igbó. Bí odídẹrẹ́ bá tán, ibo ni ìkóóde tí a fi ń ṣe ọba lọ́ṣọ̀ọ́ yóò ti wá?

Ìdí tí ilẹ̀ ìtọ́jú fi wà nìyẹn. Ẹ̀gà àti lékèélékèé lè bá èèyàn gbé níbikíbi. Àtíòro kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fẹ́ yé ẹyin, abo á wọ inú ihò igi ńlá, wọ́n á sì fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ihò náà mọ́ ọn, yóò ku ojú tín-ín-rín kan tí ẹnu akọ lè gbà kọjá. Inú ihò yẹn ni abo yóò wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, akọ ni yóò máa gbé èso àti kòkòrò wá fún un láti ojú ihò. Igi tó bá lè ní irú ihò bẹ́ẹ̀ ti dàgbà ju èèyàn lọ. Bí onípákó bá gé ìrókò kan lulẹ̀, ilé àtíòro lọ ni, kò sì lè lọ yá ilé gbé lórí igi káṣú.

Láti Ìsọlọ̀-Òpin, ilẹ̀ ìtọ́jú tí mo máa kọ́kọ́ rán ẹnikẹ́ni lọ ni igbó IITA ní Ìbàdàn. Ọdún 1967 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ náà sílẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 1,000. Wọ́n fi nǹkan bíi hẹ́kítà 350 nínú rẹ̀ sílẹ̀ láìdá oko sí i, igbó sì gba ibẹ̀. Ìlú ti ká a mọ́ báyìí, ilé wà níhìn-ín, ọjà wà lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá wọ abẹ́ igi tán, kò ní mọ̀ pé Ìbàdàn wà nítòsí. Irú ẹyẹ tí wọ́n ti rí níbẹ̀ ju 200 lọ. Adágún omi tún wà níbẹ̀ fún ẹyẹ omi.

Inú igbó yìí ni ẹyẹ kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní gúúsù Nàìjíríà níhìn-ín, lápá ìwọ̀ oòrùn: mọ̀lẹ́bí ẹ̀gà ni, dúdú ni, orí akọ rẹ̀ sì pọ́n bí iná. John Elgood, tó ń kọ́ni nípa ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún ayé ní 1958, orúkọ Ìbàdàn sì ni wọ́n fi pè é: Ibadan malimbe. Àwọn òyìnbó ń wọ bàálù wá láti ilẹ̀ òkèèrè nítorí rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn mélòó ló mọ̀ pé ẹyẹ kan ń jẹ́ orúkọ ìlú òun? Ó wà lára àwọn tó lè parun, torí pé igbó tó ń gbé ti di oko àti ilé. Lókè, láàárín okùn igbó àti ewé, ló ti ń wá kòkòrò, nítorí náà ọrùn yóò dun ẹni tó bá fẹ́ rí i.

Ọjọ́ ìwòran náà kì í rí bí ẹni tó lọ síbi àríyá. Kí agogo mẹ́fà àárọ̀ tó lù, ó yẹ kí ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà igbó. Ẹ ti ní láti gba àṣẹ ṣáájú, torí pé ilé onílé ni. Wákàtí àkọ́kọ́, etí ló ń ṣiṣẹ́, torí òkùnkùn ṣì wà lábẹ́ igi. Nígbà tó bá yá, ìró apá àtíòro á kọjá lókè fùù-fùù, ẹ óò gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i. Lẹ́yìn náà, gbogbo nǹkan á dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, àfi bí ẹyẹ oríṣi márùn-ún, mẹ́fà, ṣe máa yọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n jọ ń jẹ kiri. Ẹ dúró sójú kan. Ẹni tó bá ń yára rìn nínú igbó, ìdí ẹyẹ ló máa ń rí. Ẹ má wọ aṣọ funfun tàbí pupa fòò. Ẹ pa ohùn fóònù. Láti bí agogo mọ́kànlá, oòrùn á mú, ẹyẹ á sinmi, ẹ̀yin náà ẹ sinmi. Ẹ jẹ móínmóín yín. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ sétí adágún.

Lekki Conservation Centre ní Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀, ti ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation tí Olóyè Ṣàfí Ẹdú dá sílẹ̀ ní 1980. Ilẹ̀ náà tó hẹ́kítà 78, afárá orí igi tó wà níbẹ̀ sì gùn tó mítà 401. Ẹyẹ wà níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ ní ọjọ́ ìsinmi, ẹni tó ń ya fọ́tò ara rẹ̀ lórí afárá ni ẹ óò rí jù. Ọjọ́ iṣẹ́, láàárọ̀ kùtù, ni mo dá lámọ̀ràn. Ọgbà Ọ̀yọ́ Ilé, tó di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1991, àti ti Kainji, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, tóbi gan-an, ẹyẹ ọ̀dàn ló kún wọn. Apá kan igbó Kainji wà ní Kwara tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ ná, fún ìdí tí mo fẹ́ sọ láìpẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ọmọ Òpin gbọ́ ìtàn rẹ̀ jù ni Amurum, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos, níbi tí ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis ti Yunifásítì Jos wà. Àpáta ló kún ibẹ̀, bíi tiwa. Robert Payne, onímọ̀ ẹyẹ láti Amẹ́ríkà, ń fetí sí ẹyẹ dúdú kékeré kan ní orí òkè Jos. Irú ẹyẹ yẹn kì í kọ́lé. Inú ìtẹ́ ẹyẹ mìíràn ló ń yé ẹyin sí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń bá a tọ́ ọmọ, ọmọ náà á sì kọ́ orin bàbá tó tọ́ ọ. Payne gbọ́ orin tí ẹyẹ náà ń sín jẹ, ó rí i pé kò bá orin ẹyẹ kankan tí wọ́n mọ̀ mu. Ó ní, bí ọmọ bá ń kọ orin tí a kò mọ̀, a jẹ́ pé alágbàtọ́ kan wà níbì kan tí a kò mọ̀. Ó wá a kiri láàárín àpáta títí ó fi rí i: ẹyẹ pupa kékeré tí kò tíì sí nínú ìwé kankan. Ọdún 1998 ni wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ jáde. Ẹyẹ náà ti wà níbẹ̀ látọjọ́ táláyé ti dáyé, àwọn ará abúlé sì ń rí i lójoojúmọ́. Ta ló mọ ohun tó wà láàárín àpáta Òpin?

Ọ̀rọ̀ ààbò wàyí. Ní oṣù Kejì 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin ní Kòró, nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì wa yìí, wọ́n sì pa Olúkòró, ọba ìlú náà. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n ya wọ ilé ìjọsìn kan ní Èrúkù, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ olùjọ́sìn wọ igbó lọ kí wọ́n tó rí wọn gbà padà. Àwọn ibi tí wọ́n ń sá pamọ́ sí kò yọ igbó Kainji sílẹ̀. N kò lè wá máa sọ fún ọmọ ẹlòmíràn pé kó gbé bàìnókúlà wọ igbó jíjìn lórúkọ pé ó ń wo ẹyẹ. Kí ẹnikẹ́ni má dá lọ, kí ẹnikẹ́ni má lọ láìsọ fún fijilanté àti àwọn ọdẹ ìlú. Ní báyìí, igbó olódi bíi ti IITA ni ká máa lọ fún ìrìn àjò. Nílé, ká wo ẹyẹ nínú ọgbà iléèwé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, lábẹ́ igi ọjà, àti ní oko tó sún mọ́lé. Ẹyẹ tó wà níbẹ̀ tó fún wa láti kọ́kọ́ kọ́.

Iṣẹ́ gidi sì wà láti ṣe níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹyẹ Nàìjíríà ń ṣe àwòrán ilẹ̀ kan tí yóò fi hàn ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9 níbùú àti 9 lóròó. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ á lo ó kéré tán wákàtí méjì nínú igun kan, á kọ irú ẹyẹ tó rí tàbí tó gbọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra, á sì fi fóònù ránṣẹ́. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Igun mélòó kan péré ló ká Ìsọlọ̀, Ọ̀sì àti Ìlọfà mọ́. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá àti bàbá ọdẹ kan tó mọ ohùn ẹyẹ lè ṣe é láàárín Sátidé díẹ̀. Bàbá á pe orúkọ ní Yorùbá, ọmọ á wá a nínú ìwé, ẹnì kan á kọ méjèèjì sílẹ̀. Ìwé Borrow àti Demey lórí ẹyẹ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni kí wọ́n rà, àwòrán rẹ̀ dára.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ọba àti ìjòyè wa ni pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan dá igbó etí odò kan sí. Kò ní láti tóbi. Kí wọ́n fòfin de igi gígé, ìbọn yíyìn àti iná nínú rẹ̀. Irú igbó bẹ́ẹ̀ wà nígbà kan rí, nígbà tí a ń bẹ̀rù òrìṣà tó ni ín. Bí ẹ̀rù òrìṣà bá ti lọ, kí òfin ìlú dúró nípò rẹ̀. Kí àwọn òbí má fún ọmọ ní rọ́bà ìtafà mọ́, kí wọ́n sì bá ẹni tó ń fi àtè mú ẹyẹ nítorí eré wí.

Ẹ̀yin ọmọ Òpin tó wà ní Èkó, Àbújá, Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, ẹ̀yin lẹ̀ ń dáwó aṣọ ẹbí lọ́dọọdún. Ẹ yọ owó aṣọ kan ṣoṣo kúrò nínú rẹ̀, ẹ fi ra bàìnókúlà méjì àti ìwé ẹyẹ kan fún iléèwé girama tó wà ní ìlú yín, ẹ sì ní kí ọ̀gá iléèwé fi orúkọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí ránṣẹ́ sí yín kí ọdún tó parí.